Ọjọ́ tí Mo Fi Eépín Fọ Ìbọn Bàbá Àgbà

Télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, á mú ìgò kékeré kan, á kán epo máṣíìnì sínú gbogbo ihò ara rẹ̀, á wá fi àkísà nù ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń lọ ra búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ gbé òórùn epo yẹn pàdé mi, mo sì dúró gbagidi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé. Télọ̀ náà yọjú.

"Màmá, ṣé kò sí? Àbí ẹ fẹ́ rán nǹkan ni?"

Mo ní rárá, òórùn epo rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn oníbàárà òun a máa ní ó ń rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ní tèmi o, kò sí lọ́fínńdà tó dùn tó o, nítorí pé òórùn Sátidé èmi àti Bàbá Àgbà ni, bàbá tó bí ìyá mi, tó wò mí dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo ra búrẹ́dì mi, mo padà sílé, n kò sì lè ṣe nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà ju kí n máa rántí lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, bí mo bá sọ fún yín pé ara ìbọn ni mo ti kọ́ ìwà, ẹ ó ní ìyá arúgbó yìí ti ń ṣarán. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ìtàn mi kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹnikẹ́ni kò sì yìn ín lu ẹnikẹ́ni.

Agbo ilé onígbá ni a ń gbé. Lábẹ́ igi odán tó wà láàárín agbo ilé, àwọn ọkùnrin ilé wa máa ń jókòó láti òwúrọ̀, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fín ẹja, ẹyẹ àti aláǹgbá sára igbá. Iṣẹ́ tiwa ọmọdé ni kí a kọ́kọ́ ha igbá kó jọ̀lọ̀, ewé eépín ni a sì fi ń ha á. Ẹni tí kò bá mọ eépín, ewé tó le bí ahọ́n ológbò ni. A ó fi omi díẹ̀ rin ín, a ó máa fi ha igbá yíká-yíká, yíká-yíká, títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Nígbà tó yá, ó ti di ìgbàgbọ́ wa pé kò sí ohun tó dọ̀tí láyé yìí tí eépín kò lè sọ di tuntun. A fi ń ha ìdí ìkòkò, a fi ń ha ṣíbí, a fi ń ha àga, bí ọdún bá sì ti ń sún mọ́lé, Ìyá Àgbà á fi ha gìgísẹ̀ wa, a ó máa ké bí ẹran.

Bàbá Àgbà kì í fín igbá ní tirẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ tó ń ra tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa. Òun ló ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kó tábà sí. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà lọ sílùú rẹ̀ tí kò ní wá mọ́, ó fún un ní ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, ó bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì kọ ìwé àṣẹ rẹ̀ sí orúkọ Bàbá Àgbà. Òyìnbó ní ìbọn ọ̀gágun kan ni tẹ́lẹ̀, pé ó ti rí ogun. Bàbá Àgbà gba èyí gbọ́, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn jù ni ìwé náà. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi máṣíìnì tẹ orúkọ rẹ̀ sí, láìṣẹ́ku lẹ́tà kan, ó sì máa ń ká a bí ẹní ń ká aṣọ òkè.

Kì í ṣe ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká o. Ìbọn kékeré tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà ni. Ìkọ́ kan wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìkọ́ yẹn sókè, ọ̀pá ìbọn náà á tẹrí ba síwájú bí ọmọ tó ń kí àgbà, ilé ọta rẹ̀ tó rí roboto á ṣí sílẹ̀, irin kékeré kan tó dà bí ìràwọ̀ á sì yọrí láti àárín rẹ̀, èyí tó máa ń ti kóróńfo ọta jáde. Mo lè wò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ọta kankan kò sí nílé wa, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tà á mọ́. Ìyá Àgbà a máa ní òun fẹ́ ọkọ tó ní ìbọn, síbẹ̀ òun náà ló ń fi ọmọ odó pa ejò.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Bàbá Àgbà á pè mí. "Ìyá mi" ló ń pè mí, nítorí pé lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n bí mi. Á mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, á ṣí àpótí, á yọ ìbọn kúrò nínú àpò awọ pupa tí onísọnà kan nílùú wa rán fún un, á kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, á ṣí i.

"Ìyá mi, kà á."

Mo máa ń fi ojú ka ihò ilé ọta, máràrún, kí n tó sọ pé wọ́n ṣófo. Òun náà á kà á. Ó ní ìbọn kì í ṣófo àfi tí ojú ènìyàn méjì bá rí i. Lẹ́yìn náà á fi àdín pa á lára, á fi àkísà nù ún, á wá máa ki nọ́mbà rẹ̀ bí ẹní ń ki ọmọ: "Méje, méjì, òdo, mẹ́rin." Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lókè ibi tí ìka ń fà, ni nọ́mbà yẹn wà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀ rárá.

Nọ́mbà yẹn sì ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Bàbá Àgbà á wọ agbádá, á gbé ìbọn àti ìwé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n á fi nọ́mbà ara ìbọn wé ti inú ìwé. Bí méjèèjì bá bára mu, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀, á di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Bí wọn kò bá bára mu, lójú òfin, ìbọn tí kò níwèé ni ẹni náà gbé sílé, ẹ̀wọ̀n ló sì ń fi eré sá lọ. Gbogbo ilé wa ló mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, mo wà ní kíláàsì kẹrin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kó gbé ìbọn wá. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá Àgbà lọ sóko, ó ní ó di ọjọ́ Ẹtì. Ara ìbọn náà ti pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí ọjọ́ pípẹ́, mo wá rò ó nínú ara mi pé irú ìbọn ọ̀gágun wo ni yóò rí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọlọ́pàá? Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tí àwọn àgbà ń sinmi, mo mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo kó ewé eépín dání, mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, mo bu yanrìn kíkúnná, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ayọ̀ ni mo fi ṣe é. Mo ha ìbọn náà yíká-yíká bí wọ́n ti kọ́ mi, mo fún ọsàn lé e, mo tún ha á, títí ó fi funfun báláú, tó ń kọ mànà bíi ṣíbí tuntun. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo sì fẹ́ ki í bí Bàbá Àgbà ti máa ń ki í. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo yí i. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí méje, kò sí méjì, kò sí nǹkan kan. Ó jọ̀lọ̀ bí igbá tó ń dúró de ọ̀bẹ.

Mo dá a padà sínú àpótí, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ààyè rẹ̀.

Bàbá Àgbà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Kò tíì wẹ̀ tó fi ṣí àpótí, bóyá ara ti ń fu ú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Ó gbé ìbọn síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá ibi tí nọ́mbà wà, ó tún wá a, ó tún wá a. Mo ń retí igbe. Kò ké. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń sọ fún Ìyá Àgbà pé nínù tí òun ń nù ún láti ọjọ́ yìí wá ló ti jẹ nọ́mbà náà tán. Ìyá Àgbà káwọ́ lérí. "Baálé mi, kí la ó wá ṣe báyìí? Ṣé wọn ò ní tì yín mọ́lé?" Ó ní òun ò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó retí wọn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní kí n má lọ sílé ìwé. "Ìyá mi, wọ bàtà rẹ." Bọ̀lẹ́kájà ni a wọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbé àpò ìbọn lé itan, ìwé wà nínú àpò agbádá rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fò. Mo rántí iṣu tí wọ́n kó sábẹ́ ẹsẹ̀ wa, mo rántí obìnrin kan tó ń sùn lé mi léjìká. Bàbá Àgbà ní a ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ìbọn bí ìyá ti ń mọ ọmọ.

Ní tòsí Takie ni ẹni náà wà, àgbẹ̀dẹ àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Bàbá Ògúndépò. Ó ti pẹ́ ní báráàkì níbi tó ti ń tún ìbọn ṣe fún àwọn sójà, kó tó wá dá ilé arọ tirẹ̀ sílẹ̀. Okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògún á gbè yín."

"Àṣẹ. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Kò béèrè pé ṣé ọta wà níbẹ̀. Ó kọ ẹnu ìbọn sí ògiri, ó ṣí i, ó kà á, ó sì fi han èmi náà. Inú mi dùn díẹ̀ pé bí a ti ń ṣe nílé ni. Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀gágun. Bàbá Ògúndépò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìbọn ọ̀gágun wúwo ju èyí lọ. Ihò mẹ́fà ló máa ń ní. Ìkọ́ orí rẹ̀ máa ń nípọn, á dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Òrùka sì máa ń wà nísàlẹ̀ èèkù rẹ̀ tí wọ́n á fi so okùn mọ́ ọrùn, kó má baà já bọ́ lórí ẹṣin. Ẹ wo tiyín. Ihò márùn-ún, ìkọ́ tín-ín-rín, kò sí òrùka, rọ́bà dúdú tí wọ́n ya òdòdó sí ni èèkù rẹ̀. Ìbọn àpò ni. Àwọn oníṣòwò ló ń rà á. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ sí, bí a ti ń pàtẹ àdá."

Bàbá Àgbà wo ilẹ̀. Ogún ọdún ó lé tó ti ń fi ìbọn yẹn yangàn! Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan.

"Òyìnbó purọ́ fún mi nìyẹn."

"Bóyá wọ́n purọ́ fún òun náà."

Bàbá Ògúndépò gbé ìbọn sún mọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló fi eépín ha á?"

Kí n tó mí, Bàbá Àgbà ti dáhùn. "Èmi ni."

"Hẹn. Yíká-yíká báyìí? Ọwọ́ ọmọ ilé onígbá lèyí."

"Ilé onígbá lèmi náà ń gbé."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Bàbá Àgbà ti mọ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti mọ̀, nítorí pé ènìyàn méjì péré ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí mi sókè.

Bàbá Ògúndépò fa àpótí kan jáde. Àwọn irin kéékèèké tí a fi ń lu nọ́mbà sára irin wà nínú rẹ̀. Ó ní bí Bàbá Àgbà bá sọ nọ́mbà náà fún òun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun ó fi lù ú padà síbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá tí yóò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ohun tó rọrùn jù nìyẹn. Mo fẹ́ kó gbà. Mo ń fi ọkàn bẹ̀ ẹ́ kó gbà.

"Rárá o," ni Bàbá Àgbà wí. "Nọ́mbà tí ẹ bá lù sí i, nọ́mbà yín ni. Tirẹ̀ ni mo fẹ́. Bí kò bá sí, màá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ti fẹ́."

Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ nítorí mi kọ̀ láti purọ́ nítorí ara rẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rí i.

Bàbá Ògúndépò ti àpótí irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó ku ibì kan tí a lè wò. Àwọn tó ń ṣe ìbọn máa ń lu nọ́mbà kan náà sábẹ́ èèkù." Ó mú sukudiráfà, ó rọra tú ìdè èèkù ìbọn, ó ṣí rọ́bà dúdú náà kúrò. Ìpẹtà ló bo gbogbo abẹ́ rẹ̀. Ó fi àkísà rírọ̀ àti kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, ó sì ní kí n wá fi ojú ọmọdé wò ó. Mo rí méje. Mo rí méjì. Mo rí òdo. Lẹ́yìn òdo, ìpẹtà ti di mọ́ ọn bí èépá.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ha á."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo pa ẹnu mi dé.

Epo máṣíìnì ni Bàbá Ògúndépò kán sí i, ẹ̀kán méjì péré, ó ní kí a jókòó. Láti ọ̀sán títí di ìgbà ìrun alásàrí ni a fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, òórùn epo yẹn ń kún ibẹ̀. Òun ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Bàbá Àgbà ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó sì gé púpọ̀ fún mi nínú tirẹ̀. Mo kàn ń rún un wẹ́wẹ́ sínú ewé. Mo ní, "Bàbá." Ó ní, "Ìyá mi?" Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo ní omi ni mo fẹ́ mu. Ó lọ bu omi wá fún mi fúnra rẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, Bàbá Ògúndépò ń sọ bí a ó ti máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí a má fi sínú àpò awọ mọ́, awọ a máa fa ọ̀rinrin, á sì jẹ irin. Inú aṣọ òwú tó gbẹ ni kí a wé e sí. Ó ní àdín á di gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ bó pẹ́, epo máṣíìnì fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a máa lò. Kí a má fi ọwọ́ lásán dì í mú, òógùn ní iyọ̀. Kí a má máa fà á ṣeré, kí a sì má gbá a pa bí ilẹ̀kùn, ìkọ́ rẹ̀ ti dàgbà. "Pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn, ọjọ́ orí rẹ̀ ni. A kì í ha ọjọ́ orí kúrò lára àgbà." Bàbá Àgbà ní òun ti gbọ́. Èmi ni Bàbá Àgbà ń wò bó ti ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò fi ojú bínú wò mí.

Nígbà tó yá, Bàbá Ògúndépò fi àkísà tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ìpẹtà tó rọ̀ bá àkísà lọ. Mẹ́rin ni! Bàbá Àgbà ki í tán pátá láìgba èémí, méje, méjì, òdo, mẹ́rin, àwọn tó wà ní ilé arọ kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀dọ̀ wa.

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Kò tíì tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ̀ lé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Ẹ káàárọ̀, bàbá," ó gba ìbọn, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Bàbá Àgbà ní kó jọ̀wọ́ ṣí èèkù wò. Ó ṣí i, ó fi wé ìwé, ó mi orí.

"Nọ́mbà bára mu. Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn pa nọ́mbà ìbọn rẹ́. Àwọn olè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló pa ti ìta yìí rẹ́, kí ló sì fẹ́ fi pamọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Nígbà náà, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ ó sì dúró ná kí ọ̀gá wa tó dé." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn onírin tó wà lẹ́yìn.

Nílé wa, ọmọ tó bá ní àgbà purọ́, ata ni wọ́n ń fi sí i lẹ́nu. Kì í ṣe àwàdà, mo ti rí i rí. Kí ọmọ wá ṣe é ní gbangba, níwájú ọlọ́pàá, fún bàbá tó bí ìyá rẹ̀! Mo wo ilẹ̀kùn onírin yẹn. Mo wo agbádá Bàbá Àgbà tí Ìyá Àgbà lọ̀ láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Èmi ni."

"Ọmọdé ni," ni Bàbá Àgbà wí kíákíá. "Kò mọ ohun tó ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Mo sì sọ gbogbo rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ìrọ̀rí, eépín, ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, yanrìn. Sájẹ́ǹtì ní kí ló dé tí mo fi fọ̀ ọ́. Mo ní kó lè dán ni, kí wọ́n lè yin Bàbá Àgbà. Ó wò mí, ó wo ìbọn, ó pe ọlọ́pàá méjì kan pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọ onígbá ṣe, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ọ̀kan nínú wọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i, Bàbá Àgbà tẹ ìka lé e, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé nọ́mbà wà lábẹ́ èèkù. Ó lu òǹtẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń gbé ìbọn bọ̀, kí ẹni tó fọ̀ ọ́ máa tẹ̀ lé e wá.

A forí lé ilé. Mo ti ń ronú ata. Nígbà tí a dé abẹ́ odán, tí Ìyá Àgbà sáré jáde, Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ìyá mi ló gbà mí." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Kò nà mí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Láti Sátidé yẹn lọ, èmi ló ń fi epo máṣíìnì pa ìbọn, òun á jókòó tì mí, á máa wò mí. Díẹ̀díẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kò sọ ìtàn ọ̀gágun mọ́. Ìtàn ọmọ tó fi eépín fọ ìbọn ló ń sọ, ó sì ń fi iyọ̀ sí i.

Nígbà tó kú, mo ti di olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé àṣẹ bá olówó rẹ̀ lọ ni, òfin kò jẹ́ kí a jogún rẹ̀. Ẹnìkan nínú ẹbí ní kí a sin ín mọ́ ọn. Ẹnìkan ní òun mọ ará Èkó kan tó ń ra nǹkan àtijọ́. Mo ní kò sí èyí tí a ó ṣe nínú rẹ̀. Mo gbé ìbọn àti ìwé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra mi. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Màmá, irin àtijọ́ lásán nìyí, ẹ kàn gbé e síbẹ̀." Mo ní n kò ní kàn gbé e síbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn títí ó fi ṣí èèkù, tó ka nọ́mbà, tó fi wé ìwé, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ Bàbá Àgbà kò ní àbùkù, tó sì fọwọ́ sí i. Ó pè mí ní alágídí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ayé ti yí. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ ìbọn, àwọn ajínigbé ni gbogbo ènìyàn ń rántí, wọn kò sì jẹ̀bi. Kò sí bọ̀lẹ́kájà mọ́. Kànìnkànìn onírin ni àwọn ọmọ ń fi ha ìkòkò. Bí ẹ bá rí irú ìbọn yẹn nínú àpótí bàbá yín, ẹ má fà á, ẹ má sì sọ pé ó ṣófo. Ẹ fi í síbi tí ẹ ti rí i, kí ẹ lọ pe ọlọ́pàá. Ẹ má sì ha á o. Àwọn onígbá ṣì ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òtítọ́ sì ṣì wúwo lẹ́nu ọmọdé bó ṣe wúwo nígbà yẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti gbọ́ ìtàn yìí ń yìn mí nítorí ohun tí mo sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n yìn mí, àgbà náà fẹ́ ìyìn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́rin ni. Fún ọjọ́ mẹ́rin, Bàbá Àgbà mọ̀ pé èmi ni, ó ń dúró kí n sọ ọ́, ó sì ń dá ẹrù náà rù. Fífọ̀ tí mo fọ ìbọn, àìmọ̀ ni, mo ti dárí ji ara mi. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mo mọ̀. N kò tọrọ àforíjì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí títí tó fi kú.